Fíríìsà Tó Ń Ki Ọ̀gá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ o. Inú ń bí mi bí mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn yìí, ẹ̀rín sì tún ń pa mí. Ilé ìwádìí kan wà ní Houston, kò jìnnà sí àdúgbò Gulfton. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí lọ́yà pọ̀ nílùú yìí ju ẹ̀fọn lọ, ẹ̀fọn ibẹ̀ náà kò sì kéré. Olùdarí Àgbà ilé ìwádìí náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n, Dókítà, Olóyè, Alàgbà Fẹ̀hìntọlá Àrẹ̀mú, B.Sc., M.Sc., Ph.D., Atọ́nà Sáyẹ́ǹsì, Ìmọ́lẹ̀ Sugar Land. Ẹ jẹ́ n mí ná. Láti ibí yìí lọ, Fẹ̀hìntọlá lásán ni mo máa pè é. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ sọ tirẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá bi mí pé ta ló fi í jẹ Ìmọ́lẹ̀ Sugar Land, ìlú tó ń gbé, òun fúnra rẹ̀ ni. Ó jí lọ́jọ́ kan, ó wo dígí, ó rí ìmọ́lẹ̀. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ nígbà kan. Nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tó ń gbé apartment kótópó kan ní Gulfton, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń fọ ìgò láàbù. Oyè ló wá wọlé, ni iṣẹ́ bá gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Purotéènì òjíṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe nílé ìwádìí náà, fún àwọn láàbù mìíràn láti fi ṣèwádìí. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yé mi. Nínú ara èèyàn, sẹ́ẹ̀lì kan kì í pariwo pe èkejì, iṣẹ́ ló ń rán sí i. Purotéènì yìí ló ń jíṣẹ́ náà. Yóò dé ẹnu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì kejì, yóò kan ilẹ̀kùn, yóò ní, "Dàgbà," tàbí, "Dúró," tàbí, "Ó tó, lọ kú." Kò ní bèèrè oyè bàbá ẹnikẹ́ni. Àwọn onímọ̀ máa ń mú àṣẹ tí ara fi ń ṣe òjíṣẹ́ yìí, wọn á fi sínú sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí wọ́n ń sìn nínú ìgò, sẹ́ẹ̀lì yẹn á wá máa pèsè rẹ̀ fún wọn, bí adìyẹ tí ń yé ẹyin ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n òjíṣẹ́ náà ò fẹ́ ooru rárá. Inú fíríìsà tó tutù ju tilé wa lọ fíìfíì ló ń gbé. Bó bá yọ́ pẹ́, ara rẹ̀ á tú, á sì gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Dókítà Tófúnmi ló ń ṣe èyí tó le jù nínú wọn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọmọ Ìbàdàn, òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin kékeré. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá bí yóò ṣe pèsè òjíṣẹ́ kan tí ń sọ fún mùdùnmúdùn inú egungun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ó ṣe é, ó bàjẹ́. Ó tún un ṣe, ó tún bàjẹ́. Nígbẹ̀yìn, ó rí i ṣe. Ìgbìmọ̀ alábòójútó wá ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé kan láti dán an wò. Bó bá jíṣẹ́, láàbù Tófúnmi dúró, ìwé ìgbélùú rẹ̀ náà dúró. Bí kò bá jíṣẹ́, wọ́n á ti láàbù pa, òun àti ọmọ á kó ẹrù kúrò ní Amẹ́ríkà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, torí ọ̀gá kò fi sọ́kàn.

Kí ló wá wà lọ́kàn ọ̀gá? Ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe ń wọlé láàárọ̀. Bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, Babáwálé á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Babáwálé ni Igbákejì Olùdarí fún Ìyẹ́sí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ipò ni, ó ní ọ́fíìsì, ọ́fíìsì náà ní fèrèsé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ tó máa dé etí ọ̀gá láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ to gbogbo oyè rẹ̀ síwájú ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n!" Babáwálé á ké. "Ẹ káàárọ̀, Dókítà! Ẹ káàárọ̀, Olóyè! Ẹ káàárọ̀, Alàgbà! Atọ́nà! Ìmọ́lẹ̀!"

Fẹ̀hìntọlá á di ojú, á gbé àgbọ̀n sókè. "Máa bá a lọ."

Ẹlifétọ̀ á ṣí, á pa dé, á tún ṣí. Àwọn òyìnbó tó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ wọn á dúró sẹ́yìn, kọfí lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè lọ́jọ́ kan bóyá ìsìn ni. Babáwálé ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kan, Fẹ̀hìntọlá yà sí láàbù Tófúnmi. Ó ṣí fíríìsà, ó wò ó títí, ojú rẹ̀ wá korò.

"Tófúnmi."

"Sà."

"Bí àlejò bá ṣí ilẹ̀kùn yìí, kí ló kọ́kọ́ ń rí?"

"Purotéènì ni, sà."

"Purotéènì! Ṣé purotéènì ló ń darí ilé yìí ni?"

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti gbé pátákó idẹ kan dé, ó nípọn, ó ń dán, gbogbo oyè ọ̀gá wà lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Etí inú ilẹ̀kùn fíríìsà ni wọ́n kàn án mọ́, kí àlejò lè kí orúkọ kó tó kí purotéènì. Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn ò ti pa dé dáadáa mọ́. Àfi kí Tófúnmi fi ìdí gbún un gbì kó tó pa dé.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́," Tófúnmi bẹ̀ ẹ́, "pátákó yìí ò jẹ́ kí ilẹ̀kùn pa dé. Ẹ jẹ́ ká gbé e sí iwájú níta, gbogbo ayé á sì máa rí i."

"Orúkọ mi ò dí ilẹ̀kùn lọ́wọ́," Fẹ̀hìntọlá dáhùn. "Ilẹ̀kùn ni kó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ilé."

Ó tún fẹ́ kan pátákó kejì mọ́ àgbá nitírójìn, níbi tí Tófúnmi ń tọ́jú ìyá sẹ́ẹ̀lì sí, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń yé purotéènì náà. Ó ní kí wọ́n ṣí i kóun wọn ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣí i, èéfín tútù funfun yọ sí i lójú. Ọ̀jọ̀gbọ́n fò sẹ́yìn, fìlà bọ́.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," ó wí, ó ń táràrà wá fìlà. "Ìyẹn ò tíì tó ẹni tí ń gbé orúkọ mi."

Mo ní kẹ́ ẹ rántí àgbá yẹn o. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Fíríìsà náà ní ẹ̀rọ kan tó ń ṣọ́ ọ. Bí fíríìsà bá wà lálàáfíà, ẹ̀rọ náà kì í sọ nǹkan kan. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ tí ooru ń wọlé, ẹ̀rọ á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù Tófúnmi, á sì máa rán an lemọ́lemọ́ títí ẹnìkan á fi lọ wò ó. Ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ṣèpàdé. Fóònù Tófúnmi dún, ó dìde.

"Ẹ má bínú, sà, fíríìsà ló ní ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ jẹ́ n sáré lọ tì í."

"Jókòó síbẹ̀!" Fẹ̀hìntọlá lu tábìlì. "Fíríìsà inú ilé mi, ìwọ ló ń bá sọ̀rọ̀? Ọmọdé ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣáájú àgbà, ayé wá bàjẹ́ tó báyìí! Babáwálé, láti òní lọ, èmi nìkan ni kí ẹ̀rọ yẹn máa ránṣẹ́ sí. Bó bá tọ́ lójú mi, màá ní kí wọ́n sọ fún un."

Bó ṣe rí nìyẹn. Kò pẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ wọlé sí fóònù ọ̀gá nílé rẹ̀ ní Sugar Land, bó ti ń jẹun lọ́wọ́. Ó kà á: "Yúsà, fíríìsà ń móoru, ilẹ̀kùn ò pa dé." Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yúsà! Ta ni wọ́n ń pè ní yúsà, bí ẹni tó kàn ń lo ẹ̀rọ? Èmi?"

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Zoe, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó sì ti rí oríṣiríṣi àìsàn láyé, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Bàbá Zoe, ẹ̀rọ ni. Ó ní fíríìsà ń móoru. Ẹ pe ẹni tó máa tì í, kẹ́ ẹ jẹun, ọbẹ̀ yín ń tutù."

"Ẹ̀rọ tí wọn ò kọ́ nílé! Kò kí mi, kò pè mí lóyè, ó kàn já lu ọ̀rọ̀!"

Ìyá Zoe ló fúnra rẹ̀ pe Tófúnmi lálẹ́ ọjọ́ náà, Tófúnmi ló sì wakọ̀ lọ fìdí gbún ilẹ̀kùn. Ọ̀gá ò mọ̀. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún Atọ́nà Sáyẹ́ǹsì?

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá pàṣẹ pé gbogbo oyè òun gbọ́dọ̀ ṣáájú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà bá fẹ́ sọ. Babáwálé jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó tò ó, ó tún un tò. Wàhálà kan ló wà níbẹ̀: ẹ̀rọ náà ò lè sọ ju gbólóhùn kúkúrú kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí àyè bá parí sí, ibẹ̀ ló ń gé e. Wọ́n dán an wò. Fóònù ọ̀gá dún, ó sì kà á sókè pẹ̀lú ohùn ọba tó wà lórí ìtẹ́: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, Dókítà, Olóyè, Alàgbà Fẹ̀hìntọlá Àrẹ̀mú, B.Sc., M.Sc., Ph.D., Atọ́nà Sáyẹ́ǹsì, Ìmọ́lẹ̀ Sugar Land, fíríìsà ń mó."

"Sà, ọ̀rọ̀ yẹn ti gé," Tófúnmi wí. "Sà, nítorí Ọlọ́run. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìdánwò mi. Bí nǹkan bá ṣe fíríìsà yìí, mo gbé nìyẹn, èmi àtọmọ mi. Ẹ jẹ́ kó máa pe èmi náà."

Fẹ̀hìntọlá rẹ́rìn-ín àánú sí i. "Tófúnmi, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi."

"Á di odindi!" Babáwálé gbà á lẹ́nu. Ó pàtẹ́wọ́.

Ẹ wá wo ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìdánwò náà. Ìjọ Aládùúrà tí Fẹ̀hìntọlá ń lọ ní Sugar Land fẹ́ fi í jẹ oyè Òpómúléró. Àwọn àgbà ìjọ ti wá láti Èkó, ọ̀gá sì pàṣẹ pé gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bá jẹ́ Yorùbá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ kó àwọn àgbà náà lọ síbi iṣẹ́ láti lọ fi òjíṣẹ́ hàn wọ́n. Ó ṣí fíríìsà, pátákó idẹ tàn yòò, wọ́n ya fọ́tò. Ó mú ìgò kékeré kan, ó gbé e sókè, wọ́n tún ya fọ́tò. Ó wá fi ìka méjì ti ilẹ̀kùn. Ìka méjì! Ṣé àgbà á wá máa fìdí gbún nǹkan lójú àlejò ni? Ilẹ̀kùn náà lọ, ó kan idẹ, ó rọra padà. Wọ́n ti dé ìdí ẹlifétọ̀ nígbà náà.

Lórí fíríwéè, bí wọ́n ṣe ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Babáwálé wà lẹ́yìn mọ́tò, ó ń tẹ fóònù. Ó fẹ́ ṣe ọ̀gá ní kàyéfì. Ó fi oyè tuntun kún ti ẹ̀rọ: Òpómúléró Ìjọ. Àyè sì ti kún tẹ́lẹ̀. "Fíríìsà ń mó" tó kù nídìí gbólóhùn bọ́ sọnù, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ìró rẹ̀.

Ìsìn gbóná. Gbogbo wọn bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ti máa ń ṣe, sùtánà funfun kún inú ilé, kámẹ́rà ìjọ ń gbé gbogbo rẹ̀ sórí ayélujára. Wọ́n da òróró sí Fẹ̀hìntọlá lórí, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Díẹ̀ kẹ̀! Fẹ̀hìntọlá ni wọ́n ń sọ fún pé kó sọ̀rọ̀ díẹ̀!

"Ẹ̀yin ará," ó bẹ̀rẹ̀, "nígbà tí Elédùmarè ń pín ìrẹ̀lẹ̀, mo tò bí gbogbo èèyàn. Nígbà tó kàn mí, ó wò mí, ó ní, 'Fẹ̀hìntọlá, kúkú kó gbogbo rẹ̀.' Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ ò fi rí ẹni tó ní ìrẹ̀lẹ̀ tó mi nílùú yìí. Mo ti wá a títí. Kò sí!"

"Halelúyà!" Babáwálé ké.

Bẹ́ẹ̀ ni fóònù gbọ̀n rìrì nínú àpò sùtánà. Ọ̀gá yọ ọ́, ó wò ó, ojú rẹ̀ là bí ojúmọ́.

"Ẹ̀yin ará! Ẹ̀rọ láàbù mi ni! Ẹ gbọ́ ohun tó wí. Ọ̀jọ̀gbọ́n, Dókítà, Olóyè, Alàgbà Fẹ̀hìntọlá Àrẹ̀mú, B.Sc., M.Sc., Ph.D., Atọ́nà Sáyẹ́ǹsì, Ìmọ́lẹ̀ Sugar Land, Òpómúléró Ìjọ! Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un, ó ti gbọ́!"

Ilé mì tìtì. Akọrin lu agogo. Kí wọ́n tó dákẹ́, fóònù tún gbọ̀n.

"Ó tún ti ránṣẹ́! Ọ̀jọ̀gbọ́n! Dókítà!"

Ó tún gbọ̀n. Ó tún kà á. Àwọn àgbà láti Èkó dìde, wọ́n ní ohun tí ò lẹ́mìí ń yẹ́ èèyàn sí, àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Èmi náà ò rí irú rẹ̀ rí. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń jó sí ìró rẹ̀.

Lẹ́yìn pátápátá ni Tófúnmi jókòó, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé itan. Nígbà tí ọ̀gá ka ti àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín bí gbogbo èèyàn. Nígbà tó ka èkejì, ẹ̀rín náà kú. Ẹ̀rọ yẹn kì í sọ̀rọ̀ bí fíríìsà bá wà lálàáfíà. Ṣé bóun ṣe ń gbọ́ ọ yìí, fíríìsà ti ṣí sílẹ̀? Ó gbé ọmọ lé Ìyá Zoe lọ́wọ́, ó sáré lọ síwájú, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà—"

Babáwálé ti fi máíkì dí i lẹ́nu. "To oyè wọn kó o tó sọ̀rọ̀."

Kí ni kó ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ wéréwéré. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, Dókítà, Olóyè, Alàgbà Fẹ̀hìntọlá Àrẹ̀mú, sà, fíríìsà—"

"O fo àwọn ìwé ẹ̀rí wọn! Tún un bẹ̀rẹ̀."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, Dókítà, Olóyè, Alàgbà Fẹ̀hìntọlá Àrẹ̀mú, B.Sc., M.Sc., Ph.D., Atọ́nà Sáyẹ́ǹsì, Ìmọ́lẹ̀ Sugar Land, sà, ilẹ̀kùn—"

"Òpómúléró ńkọ́?" Babáwálé pariwo. "Oyè tọjọ́ òní gan-an lo fò!"

"Má bá a wí," Fẹ̀hìntọlá wí, ó ń fọwọ́ pa obìnrin náà lórí. "Ayọ̀ ló ń dà á láàmú."

Akọrin gbé orin. Tófúnmi dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, kò tiẹ̀ wo ibi tí bàtà rẹ̀ wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ oṣù Ògọ́ọ̀sì ní Houston, ẹ mọ bí ọ̀dà ilẹ̀ ṣe máa ń rí. Ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí rẹ̀ dé ìdí mọ́tò. Ẹsẹ̀ lásán ló fi tẹ mọ́tò náà títí dé ibi iṣẹ́.

Omi ló kọ́kọ́ rí nílẹ̀. Fíríìsà ṣí gbayawu, pátákó idẹ ń kán tó tó tó. Ó fọwọ́ kan àwọn ìgò. Wọ́n ti rọ̀, wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó pe ọ̀gá lórí fóònù. Ọ̀gá wo orúkọ tó yọ, ó ní, "Tófúnmi fẹ́ kí mi kú oríire, màá pè é padà," ó sì pa á. Tófúnmi jókòó sínú omi náà, ó sunkún bí ọmọdé. Ó ro gbogbo ìgbà tó fi ṣe é tó ń bàjẹ́, ó ro ọmọ rẹ̀, ó ro ẹrù tó máa dì. Ó dùn ún dé egungun. Bínú bá ń bí yín báyìí, ẹ wá jókòó tì mí.

Lọ́jọ́ Ajé, alága ìgbìmọ̀ dé. Charles lorúkọ rẹ̀, ọmọ dúdú Amẹ́ríkà, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tófúnmi sọ fún un pé purotéènì ti yọ́, kò sí nǹkan tí wọ́n lè dán wò mọ́. Kó tó sọ̀rọ̀ dénú, Fẹ̀hìntọlá ti dìde, ó na agbádá.

"Alága, ọ̀tá wà nílé yìí! Obìnrin yìí fi ìsìn sílẹ̀ láàárín, ó sáré wá síbí láìwọ bàtà. Ta ní ń sáré láìwọ bàtà, bí kì í bá ṣe ẹni tó fẹ́ lọ ba nǹkan jẹ́? Òun ló dé ìdí fíríìsà gbẹ̀yìn. Ẹ lé e lọ!"

Tófúnmi ti rí ìdì ẹrù, ó ti rí ọkọ̀ òfurufú lójú ọkàn.

Charles wò ó, ó wo ọ̀gá. "Fíríìsà ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ. Ṣé kò ṣiṣẹ́ lánàá ni?"

Bí Fẹ̀hìntọlá bá ní kò ṣiṣẹ́, bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tòun, kí wọ́n ní kò ṣiṣẹ́? Ẹ̀rọ tó kì í lójú àwọn àgbà Èkó?

"Kò ṣiṣẹ́ kẹ̀! Ó ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin! Mo ní ẹ̀rí. Babáwálé, gbé fídíò ìjọ síbẹ̀."

Babáwálé, tí ọ̀rọ̀ náà ti ń yé díẹ̀díẹ̀, ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló tàn án sójú ògiri ńlá. Gbogbo wọn wò ó. Wọ́n rí ọ̀gá tó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́, wọ́n rí àwọn èèyàn tó ń jó. Wọ́n rí Tófúnmi lórí eékún, tó ń to oyè, tí wọ́n ń dá a padà, tó ń tún un tò, tó dìde sáré. Wọ́n rí ọ̀gá tó ń ka òmíràn sí i.

"Ọ̀gbẹ́ni Àrẹ̀mú," Charles wí jẹ́jẹ́. Láàárín gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí kí wọ́n pe ọ̀gá bẹ́ẹ̀. "Ìgbà wo ni ẹ̀rọ yẹn máa ń ránṣẹ́?"

"Nígbà tí fíríìsà bá ń móoru," Fẹ̀hìntọlá dáhùn tìgboyà-tìgboyà. "Ìgbà yẹn nìkan."

Ó wá gbọ́ ohun tó sọ. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn fíríìsà, kò sì sí ìdí tó máa gbún un pa dé. Lórí ògiri, ó ṣì ń kà á: Atọ́nà Sáyẹ́ǹsì, Ìmọ́lẹ̀ Sugar Land. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, ìgbìmọ̀ ti yọ ọ́ níṣẹ́.

Charles tọ Tófúnmi lọ. "Ṣé ó ti parí pátápátá ni?"

"Ìyá sẹ́ẹ̀lì ṣì wà nínú àgbá nitírójìn, sà," Tófúnmi wí, ó ń nu ojú. "Mo lè tún un bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni pátákó ò dé."

"Bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Láàbù yìí ò lọ síbì kankan, ìwọ náà ò lọ síbì kankan."

Tófúnmi tún bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n ẹkún ti ọ̀tọ̀ nìyẹn. Babáwálé ló tú pátákó idẹ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀kùn fíríìsà, ó sì pa dé jẹ́ẹ́jẹ́, láìgba ìdí ẹnikẹ́ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, Fẹ̀hìntọlá jáde, pátákó wà lábẹ́ abíyá. Bí mo ṣe ń bínú sí i tó, ó ṣe mí láàánú nígbà tí mo rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí kò sẹ́ni tó kí i. Bẹ́ẹ̀ ni Babáwálé yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé, eré ló ń sá, òógùn bò ó.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n!" Babáwálé ké, ó ń mí hẹlẹ. "Dókítà! Olóyè! Alàgbà!"

Omi lé ròrò sójú Fẹ̀hìntọlá. Ẹnìkan ṣì kù! Ó di ojú, ó gbé àgbọ̀n sókè. "Máa bá a lọ."

"Fẹ̀hìntọlá Àrẹ̀mú! B.Sc.! M.Sc.! Ph.D.! Atọ́nà Sáyẹ́ǹsì! Ìmọ́lẹ̀ Sugar Land! Òpómúléró Ìjọ! Sà, wọ́n ń fa mọ́tò yín lọ. Wọ́n ní àyè Olùdarí Àgbà lẹ gbé e sí."

Fẹ̀hìntọlá la ojú. Ọkọ̀ ńlá tó so mọ́tò rẹ̀ mọ́ ìdí ti ń yà ní orígun títì.

"Babáwálé! Kí ló dé tó ò tètè sọ?"

"Sà, mo tò ó bó ṣe yẹ ni."

Ní Houston, ẹni tí kò ní mọ́tò kò lè dé ibì kankan. Oòrùn ń pa á, idẹ ń jó o lábíyá. Mọ́tò kékeré kan dúró níwájú rẹ̀. Tófúnmi ni, ó ń lọ gbé ọmọ rẹ̀ ní daycare. Ó yí gíláàsì wálẹ̀.

"Bàbá Zoe, ẹ wọlé. Màá gbé yín délé."

Fẹ̀hìntọlá dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù. Ó wọlé, ó gbé pátákó lé itan. Bí mọ́tò ṣe gbéra, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún níwájú wọn: pí, pí, pí. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú sí i.

Ó wo iná náà. Ó wo Tófúnmi. "Kí ló ń sọ?"

"Ó ní kẹ́ ẹ de bẹ́líìtì, sà."

Ó fa bẹ́líìtì, ó dè é. Mọ́tò dákẹ́, wọ́n sì ń lọ.